Òǹtẹ̀ Tí Jẹ́jẹ́ Lù

"Má lu òǹtẹ̀ yẹn bí ẹni ń pa eṣinṣin o!" Bàbá Akọ̀wé kígbe láti ìdí tábìlì rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì rọra tẹ òǹtẹ̀ náà mọ́ lẹ́tà tó kàn: A TI DÁHÙN. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń lo ìsinmi ilé-ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọ̀gá ni gbogbo wọn ń pè é. Lẹ́tà tuntun a máa lọ sínú àpótí pupa, èyí tí Ọ̀gá máa ń kà lọ́jọ́ Ẹtì kó tó padà sí olú-ìlú. Èyí tó bá ti gba òǹtẹ̀, yàrá ẹ̀yìn ló ń lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í wò ó mọ́.

"Mẹ́ta ló ń fa Ọ̀gá láṣọ," ni Bàbá Akọ̀wé máa ń sọ. "Ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fà á, torí àwọn ló fà á kalẹ̀ fún ìdìbò. Àwọn olówó ń fà á, wọ́n á gbé fáìlì rẹpẹtẹ wá. Àwa tá a dìbò fún un náà ń fà á, àmọ́ ọwọ́ tiwa ò gùn. Lẹ́tà yìí lọwọ́ wa."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Gbẹnugbẹnu wọlé, tòun ti àpò ńlá léjìká. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ìyá Jẹ́jẹ́ ni, kíláàsì kan náà ni wọ́n sì wà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Igba lẹ́tà ó lé mẹ́tàdínlógún! Ojúlé sí ojúlé ni mo ti gbà wọ́n. Wọ́n ní kí Ọ̀gá má fọwọ́ sí àbá òfin tí wọ́n fẹ́ fi ti àwọn ilé-ìwòsàn kéékèèké pa."

Bàbá Akọ̀wé dìde dúró. Látọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ ti ń bọ̀ níbẹ̀, kò dìde fún un rí. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà! Ọ̀gá gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ yìí lórí rédíò. Jẹ́jẹ́, kó o sínú àpótí pupa."

Ó sin Gbẹnugbẹnu jáde. Owú ta Jẹ́jẹ́ lọ́kàn bí ata. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, màmá rẹ̀, tó ń fọṣọ ní ilé-ìwòsàn kékeré àdúgbò wọn, ti sọ fún un pé, "Wo ẹgbẹ́ ẹ bó ṣe ń ṣe. Ìwọ ńkọ́?" Gbogbo ìgbà ni Gbẹnugbẹnu, ibi gbogbo ni Gbẹnugbẹnu. Jẹ́jẹ́ rò ó pé àwọn mìíràn á kúkú kọ̀wé, Ọ̀gá á mọ ohun tó yẹ. Kí orúkọ ọmọbìnrin yẹn ṣáà má dé orí rédíò.

Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé tí Gbẹnugbẹnu kọ orúkọ rẹ̀ sí lára àpò náà, ó sì gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, màmá rẹ̀ ń lọ aṣọ nígbà tí ohùn Ọ̀gá jáde lórí rédíò. Ìbò kan ṣoṣo ni àbá òfin náà fi wọlé, Ọ̀gá sì wà lára àwọn tó dìbò fún un. "Ẹgbẹ́ mi bá mi sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Àwọn onílé-ìwòsàn ńlá náà sọ tiwọn. Àmọ́ àdúgbò mi kò sọ nǹkan kan."

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Kò sọ nǹkan kan kẹ̀? Lẹ́tà tèmi ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀ títí ó fi dé ọ́fíìsì. Ó tú àpò náà, ó ń wá, títí ó fi rí ọwọ́-ìkọ̀wé màmá rẹ̀: "Ilé-ìwòsàn yìí ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mi sí. Ọmọ yìí ló ń ràn yín lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Òun ló sọ fún mi pé ẹ máa ń ka lẹ́tà. Mi ò sọ fún un, àmọ́ mò ń fi í yangàn níbi iṣẹ́."

Níbẹ̀ ni Bàbá Akọ̀wé ti bá a tó ń sunkún. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá sọ pé, "Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. O ò wá ní jẹ́wọ́ fún èmi nìkan o."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá ka àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Jẹ́jẹ́, màmá rẹ̀ àti Gbẹnugbẹnu. "Ká ní mo rí ìwọ̀nyí ni, mi ò ní dìbò bẹ́ẹ̀," ó wí. "Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mi ò gbọ́ ohùn yín, ó yẹ kí n béèrè. Àmọ́ ìbò ti parí, mi ò lè pè é padà."

Gbẹnugbẹnu kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Ṣé torí rédíò ni? Ká ní o sọ fún mi ni, orúkọ àwa méjèèjì ni ǹ bá kọ."

Màmá kò bú u. Ó kàn ká lẹ́tà rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ìyẹn sì dun Jẹ́jẹ́ ju ẹgba lọ.

Wọ́n ti ilé-ìwòsàn náà pa lóṣù kejì lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ méjì ni màmá ń wọ̀ báyìí kó tó dé ibi iṣẹ́ tuntun. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Jẹ́jẹ́ àti Gbẹnugbẹnu jọ ń lọ láti ojúlé sí ojúlé, wọ́n ń gba lẹ́tà láti fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún òfin náà yẹ̀ wò. Jẹ́jẹ́ ló ń gbé àpò. Ó ti mọ̀ pé ẹni tó bá torí owú pa ohùn ẹnì kejì rẹ̀ mọ́, ohùn ìyá tirẹ̀ náà lè wà nínú rẹ̀.