Ohùn Alfa Wà Nílé Télọ̀

Ní ọdún 1977, gbogbo Yorùbá tó ń tajà ní Banjul, olú ìlú Gambia, ló mọ ṣọ́ọ̀bù Kàfáyàt. Aṣọ ló ń tà, ṣùgbọ́n rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì méjì wà lẹ́yìn aṣọ náà, wáyà so wọ́n pọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lẹ máa mú wá. Kí ẹ tó nájà tán, ó ti ṣe ẹ̀dà orin tàbí wàásì sínú rẹ̀ fún yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn agbófinró dé. Ẹnìkan tó ń ta àwo orin ló fẹjọ́ sùn pé wọ́n ń ṣe ẹ̀dà ọjà òun láìgbàṣẹ. Wọ́n gbé páálí kásẹ́ẹ̀tì lọ láìyẹ inú rẹ̀ wò.

Kì í ṣe orin ló pa Kàfáyàt lẹ́kún. Wàásì bàbá rẹ̀, Alfa Yésúfù tó kú lọ́dún tó kọjá, wà nínú páálí yẹn kan náà. Ààwẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn obìnrin Yorùbá àdúgbò Bundung ti ń múra láti jókòó gbọ́ ọ.

"Kushẹ," ni ẹnìkan kí i. Haddy ni, obìnrin Àkú, ìran àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ láyé àtijọ́, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé. Yorùbá rẹ̀ kò kọjá ìkíni àti orúkọ oúnjẹ, Àkú ló ń sọ, Kàfáyàt ń fi pijin dá a lóhùn, wọ́n sì ń gbọ́ra wọn yé.

"Ohùn bàbá mi ti lọ, Haddy."

"Ta ló tún ní ẹ̀dà rẹ̀?"

Kàfáyàt ronú. "Àríkẹ́ ní Bundung. Àti Yusupha télọ̀ ní Kanifing, bàbá mi fúnra wọn ló yá a ní kásẹ́ẹ̀tì kó fi ṣe ẹ̀dà tirẹ̀."

"Jẹ́ ká lọ bá wọn. Ohun tó bá wà nílé mẹ́ta, wọn ò lè fi páálí kan gbé e lọ."

Ní Bundung, Àríkẹ́ kò lè wò wọ́n lójú. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ló gba ohùn tara wọn lé e lórí bíi lẹ́tà, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sílé ní Nàìjíríà."

Ó ku Yusupha. Òun fa kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ yọ nínú dúrọ́ọ̀ máṣìnnì. Ó ti ṣẹ́ etí kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan míì lé e. Yusupha kò gbọ́ Yorùbá, ohùn Alfa ló kàn wù ú. Kò mọ ibi tí wàásì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò gé nǹkan kan kúrò. Kàfáyàt ní tirẹ̀, ikọ́ àti ọ̀rọ̀ inú ilé ló máa ń kọ́kọ́ fò bó bá ń ṣe ẹ̀dà.

Wọ́n ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ rédíò, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Alfa wúkọ́. "Kàfáyàt, rọra ti ilẹ̀kùn yẹn. Ṣé o ti jẹun?"

Kàfáyàt bú sẹ́kún. Ó ti tó ọdún kan tí bàbá rẹ̀ ti bi í bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará wa, orin tí ẹlòmíràn fi ń jẹun, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kàfáyàt náà ti jáwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wàásì àti ohùn àwọn àgbà ilé yín, tiyín ni. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ọjà ọlọ́jà nínú páálí kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé mẹ́ta, ẹ kọ orúkọ sí i lára, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀. Ẹ má sì gé ikọ́ bàbá yín kúrò.