Fọ́ọ̀mù Tí Kò Ní Àbàwọ́n

Igba ó lé méjìlá fọ́ọ̀mù ló wọ ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìwádìí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sì sí ẹyọ kan tó ní àbàwọ́n lára. Ìyá Àpótí gbé àkọ́kọ́ súnmọ́ fèrèsé, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò kó tó rà á.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń gba fọ́ọ̀mù wọlé ní yunifásítì náà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń dé, wọ́n ń lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin mẹ́fà tó wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀ ò lọ síbì kankan, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Àpótí. Ó mọ̀ pé fọ́ọ̀mù tó bá délé ènìyàn lóòótọ́ kì í padà bó ṣe lọ. Òjò á kán sí i. Ọmọ onílé á fa ìlà sí i. Ẹnìkan á gbé ife lé e. Ẹni tó bá la ìrì kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù.

Ẹni tó kó wọn wá dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ògbélé ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí àwọn mẹ́rin tó ń lọ láti ilé dé ilé láti bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè.

"Òjò ò rọ̀ ládùúgbò yẹn ni?"

"Ó rọ̀ mà. Ọ̀rá ni mo fi wé e."

"Nínú igba ó lé méjìlá, ẹnì kankan ò kọ̀ láti dáhùn?"

"Ojú rere Ọlọ́run ni, Mọ́mì."

"Àmín," ni Ìyá Àpótí wí, nítorí kì í jẹ́ kí orúkọ Ọlọ́run kọjá láìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti bébà lásán. Ilé ìwòsàn oníyàrá méjì kan wà fún àwọn àgbàlagbà, ní ìsàlẹ̀ òpópónà kan tó gun òkè. Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ìwádìí náà yóò gbé èsì lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Bí èsì bá ní àwọn àgbàlagbà lè dé ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní òdìkejì odò, wọn yóò ti ilé ìwòsàn kékeré náà pa kí oṣù tó parí. Nínú fọ́ọ̀mù Ẹsẹ̀ògbélé, ara gbogbo wọn le koko, gbogbo wọn ló sì bí ọmọ tó ní mọ́tò.

Òfin ọ́fíìsì ni pé nínú fọ́ọ̀mù mẹ́wàá, ẹnìkan gbọ́dọ̀ padà lọ wo ilé kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Àpótí ṣa ilé mọ́kànlélógún nínú àwọn fọ́ọ̀mù náà, ó mú agbòjò, ó gun òkè.

Ní nọ́ńbà kẹtàlélógún, màmá kan jókòó sójú fèrèsé. Láti ìgbà tó bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán ló ti ń jókòó síbẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ọkùnrin kan wá láti yunifásítì lóṣù tó kọjá, tó bi yín ní ìbéèrè?"

"Ọkùnrin wo? Ẹni tó ń ka mítà iná kọjá lẹ́ẹ̀mejì, bàtà tuntun ló wọ̀. Ajá pupa kan ń kọjá lójoojúmọ́. Ọkùnrin yunifásítì kankan ò kọjá."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ní ọmọ tó ní mọ́tò."

Màmá wò ó títí. "Ṣé wọ́n kọ ibi tó ń gbé síbẹ̀? Kí n lè lọ pàdé ẹ̀."

"Wọ́n tún ní ẹ ò ní àìsàn kankan."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ní. Nọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ yìí ló ń bá mi wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, ọmọ mi, wọ́n ti fèrèsé tèmi náà pa nìyẹn."

Ní nọ́ńbà kẹrìnlélógún, tó wà ní òdìkejì títì, baba kan ń gbé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ kà báyìí pé: "Baba sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n sì pa wá lẹ́rìn-ín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Àpótí gbé ohun tó rí lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì pe Ẹsẹ̀ògbélé.

"Arúgbó ni wọ́n, sà," ni Ẹsẹ̀ògbélé wí. "Arúgbó a máa gbàgbé."

"Baba tí kì í sọ̀rọ̀ ńkọ́?" ni Ìyá Àpótí bi í.

"Ìyàwó wọn ló gbẹnu sọ fún wọn."

"Ìyàwó wọn ti kú."

"Aládùúgbò wọn ni mo fẹ́ sọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago. Ọdún méjì ló ti fi ṣiṣẹ́ náà. "Ìyá Àpótí, Ọ̀túnla ni ìpàdé. Ẹ má jẹ́ ká fi ìfura ba iṣẹ́ jẹ́."

Bí wọ́n ṣe jáde, Ẹsẹ̀ògbélé rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kó yẹ yín kalẹ́."

"Á yẹ mí. Ìwọ ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ìyá Àpótí gbàdúrà, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ka ìlà kan péré lórí fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí. Lẹ́yìn náà ló gbé àwọn fọ́ọ̀mù ìwádìí àtijọ́ kan jáde, àwọn tí omi tíì ti rin. Nínú ti àtijọ́, ọgọ́ta, àádọ́rin, ọgọ́rin, ọgọ́rin, àádọ́rin. Àgbà tí wọn ò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ kì í wọn ọjọ́ orí rẹ̀ bí ẹni wọn aṣọ. Ibi tí iye bá ti pé géérégé, bí ọgọ́ta tàbí ọgọ́rin, ni yóò dúró. Nínú ti Ẹsẹ̀ògbélé, mọ́kànlélọ́gọ́ta, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, méjìlélọ́gọ́rin. Kò sí ọgọ́ta kan. Kò sí ọgọ́rin kan.

Ó tò wọ́n sórí tábìlì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Nínú igba ó lé méjìlá?"

"Kò sí ẹyọ kan, sà."

"Yéè. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí. Ṣùgbọ́n Ẹsẹ̀ògbélé yóò tún ní arúgbó gbàgbé."

"Ẹ pè é. Ẹ ní kó mú yín dé ilé nọ́ńbà kẹrìnlélógún láàárọ̀ ọ̀la kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí òun ṣíwájú."

"Kí nìyẹn máa ṣe?"

"Ẹni tó máa fọ̀nà hàn yín lọ́la, tí kò sì mọ ọ̀nà, òní ló máa lọ kọ́ ọ."

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àpótí àti Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́ yunifásítì jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì màmá ojú fèrèsé, wọ́n ń mu tíì. Ẹsẹ̀ògbélé yọ láti ìsàlẹ̀. Ó ń làágùn. Ó gbé ọ̀rá bisikíìtì lọ́wọ́ kan, ó di bébà mú lọ́wọ́ kejì. Ó rí i tí kọ́tìnì mì. Ó dúró. Ó yíjú padà sí ìsàlẹ̀, ó rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó ti gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan, ìrònú pé òun yóò tún un gùn pa á lára. Ó padà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni nọ́ńbà kẹrìnlélógún?"

"Òun lo kẹ́yìn sí yẹn. O ò débí rí ni?"

"Rárá mà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé."

Kọ́tìnì ṣí. Ẹsẹ̀ògbélé rí ojú Ìyá Àpótí, ó ju bisikíìtì sílẹ̀, ó sá. Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́ ò sáré. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó rọra jáde. Ẹsẹ̀ tó ń gbélé kì í mọ eré é sá: ní ilé kẹta ni wọ́n ti bá a, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ajá pupa ń wò ó. Bébà ọwọ́ rẹ̀ kà pé: "Èmi tí mo tẹ̀ka síbí jẹ́rìí pé wọ́n bi mí ní ìbéèrè."

"Níbo lo ti kọ fọ́ọ̀mù?" ni Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́ bi í.

"Yàrá mi. Ọjọ́ mẹ́rin."

"Àwọn mẹ́rin tó o ní ẹ jọ ṣiṣẹ́, tó o gba owó iṣẹ́ wọn?"

"Àbúrò ìyàwó mi ni wọ́n. Wọn ò mọ̀."

"Ìkọ̀wé tó yàtọ̀ síra ńkọ́?"

"Bírò mẹ́sàn-án. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ti àwọn obìnrin."

Ìyá Àpótí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí ló dé tí ọjọ́ orí ẹnì kankan ò pé ọgọ́ta géérégé?"

"Mo rò pé tí mo bá kọ ọgọ́ta, ẹ máa ní mo parọ́."

Ọlọ́pàá wá mú un. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé mọ́tò gun òkè wá.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó ní, "Mi ò ní èsì. Irọ́ ni wọ́n kó fún mi, díẹ̀ ló sì kù kí n gbà á." Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún ìwádìí náà ṣe. Ìyá Àpótí fúnra rẹ̀ ló mú nọ́ńbà kẹtàlélógún.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín, Màmá?"

"Mo ti tó ọgọ́rin."

Ó kọ ọgọ́rin.

"Ọmọ yín tó ní mọ́tò ńkọ́?"

"Mo ṣì ń retí ẹ̀." Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ìyá Àpótí, oníkọ́kọ́rọ́ tí í ti ilẹ̀kùn mọ́ irọ́ nínú. Afàgbòjò-gòkè, abiniléèrè-tẹsẹ̀tẹsẹ̀. Irọ́ wọṣọ funfun wá, o ní kó yí ẹ̀yìn padà!" Bó ṣe ń na ọwọ́ ni tíì dà sórí fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí èsì tòótọ́ dé, ìgbìmọ̀ ò ti ilé ìwòsàn pa mọ́. Nọ́ọ̀sì wá sójú fèrèsé láti sọ fún màmá, màmá ní òun ti mọ̀, òun ti rí ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè.

Ìyá Àpótí to fọ́ọ̀mù sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ti nọ́ńbà kẹtàlélógún sókè pátápátá, pẹ̀lú àbàwọ́n tíì tó gbẹ sára rẹ̀. "Ojú rere Ọlọ́run nìyí," ó wí. Kò sí ẹlòmíì nínú ọ́fíìsì. Òun náà ló dáhùn àmín.