Orúkọ Alààyè Lórí Òkúta Ibojì

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ná kí a tó sọ ohun mìíràn: ọmọbìnrin náà ló jẹ̀bi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì sí ẹni tó tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló mú òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú, tó gbẹ́ orúkọ ẹni tó wà láàyè sára òkúta ibojì. Nígbà tí wọ́n sì bi í, ó purọ́.

Ìyá rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ bàbá àgbà nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ dípò kó máa tẹ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ bàbá àgbà ni kó máa gbẹ́ orúkọ àwọn tó ti kú sára òkúta ibojì wọn. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tó ti ń ṣe é. Eruku funfun bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, títí kan irun imú bàbá. Kò pẹ́ tó fi hàn pé ọmọ náà lọ́wọ́ iṣẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ ń dúró ṣánṣán. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọ̀gá Kékeré.

"Ọ̀gá Kékeré, òfin kan ṣoṣo ló wà níbí," bàbá sọ fún un. "Bí o bá ń kọ́ṣẹ́, kọ 'ìkòkò', kọ 'ewúrẹ́', kọ ohun tó bá wù ọ́. Má kọ orúkọ ẹni tó ń mí. Orúkọ alààyè tó bá wọ òkúta, òkúta ló ni ín."

"Bàbá àgbà, ṣé ewúrẹ́ kì í mí ni?"

"Ẹnu rẹ mú ju irin lọ. Gbálẹ̀."

Ilé búrẹ́dì wà ní òdìkejì títì. Ọmọkùnrin ìyá oníbúrẹ́dì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ló ń tajà níwájú. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ wọlé, Ẹlẹ́rìn-ín wo eruku tó bo irun rẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lú ewú yìí, ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ kí ọ ni?" Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí dé ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ máa ń jókòó lọ́sàn-án sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì. Bí ọmọbìnrin náà bá ti gbọ́ ohùn Ẹlẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Irú rẹ̀ kò ṣe é rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó yọ sí àtẹ̀gùn náà, ó bá ọmọbìnrin mìíràn níbẹ̀ tó ń bá Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Kò bèèrè. Owú kì í bèèrè. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá a lófo. Ó fi ẹfun kọ orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín gan-an, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, sára òkúta kékeré kan, ó sì gbẹ́ ẹ. Bó ṣe ń lu òòlù ni ara ń tù ú. Bó ṣe parí lẹ́tà tó kẹ́yìn, gbogbo ariwo títì dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ dí etí. Nígbà tó yá, ariwo padà. Ó da àpò bo òkúta náà.

Bàbá wọlé, ó gbé irin náà sókè. "Ta ló lo èyí? Ó ti tutù jù."

"Èmi kọ́, Bàbá àgbà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà lọ ra búrẹ́dì. Ẹlẹ́rìn-ín wà nídìí tábìlì, obìnrin kan sì dúró níwájú rẹ̀ tó ń na ọrùn. "Ṣé kò sẹ́ni níbí ni?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi rèé."

Ojú obìnrin náà la Ẹlẹ́rìn-ín kọjá bí ẹni ń wo òde láti inú fèrèsé. "Ẹ wá dá mi lóhùn o!"

Ọjọ́ kẹta, Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló wà lórí àtẹ̀gùn. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi ò bu oúnjẹ fún mi lánàá," ó ní. "Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Láàárọ̀ yìí, wọ́n wò mí, wọ́n ní, 'Ẹ káàbọ̀, kí lẹ fẹ́ rà?' Wọ́n fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá tó bí mi! Ọmọ àbúrò wọn tó wá kí wa lọ́jọ́sí, tí a jọ ṣeré níbí, mo pè é lórí fóònù. Ó ní òun ò mọ̀ mí. Ìwọ nìkan ló kù tó ń dá mi lóhùn."

Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin ọjọ́ náà! Ọmọbìnrin náà sáré dé ṣọ́ọ̀bù, ó fa òkúta náà yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Eruku ń dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ha á ni lẹ́tà ń jinlẹ̀ sí i. Ó fẹ́ pe orúkọ náà sókè. Ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ wá a tì.

Bàbá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí o fi ṣì rántí," bàbá sọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Bí ìwọ náà bá gbàgbé, ó parí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan rí." Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo mọ̀ pé mo ní in. Orúkọ rẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Ọmọbìnrin náà gbé irin tó fi ń ha òkúta sílẹ̀.

"Òkúta kì í dá orúkọ padà fún ẹni tó ń sá pamọ́," bàbá ní. "Dúró níwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Jẹ́wọ́, kí o sì pe orúkọ rẹ̀. Ojú tì mí nígbà tèmi, mo dákẹ́."

"Ojú ń ti èmi náà, Bàbá àgbà."

"Ìtìjú àárọ̀ kan ni tìrẹ. Tèmi ti pé ọgọ́ta ọdún."

Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ iṣẹ́ nìkan lòun jogún lọ́dọ̀ bàbá. Ìwà ojo wà nínú ogún náà, àfi bí òun bá kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ti tò síwájú ilé búrẹ́dì. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò ìyẹ̀fun. Ẹnikẹ́ni ò rí i. Ọmọbìnrin náà gbé òkúta wọlé.

"Ọmọ onísàréè, a ò tíì kú o!" ẹnì kan kígbe. "Búrẹ́dì la wá rà!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Kò yí padà. "Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ lọ́mọkùnrin kan. Èmi ni mo gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta yìí, torí owú. Bàbá àgbà bi mí, mo purọ́. Ẹ̀bi yín kọ́ pé ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

Ó pe orúkọ náà. Ẹnikẹ́ni ò mira. Ó tún un pè, ọwọ́ ìyá oníbúrẹ́dì sì dúró nínú ìyẹ̀fun. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú ẹkún, ni ìyá náà bá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àpò.

"Ọmọ mi! Kí lò ń ṣe nílẹ̀ níbẹ̀? Ta ló fìyà jẹ ọ́?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú Ẹlẹ́rìn-ín, lójú gbogbo èèyàn.

"Èmi ni," ó ní. "Mo mú ohun tí kì í ṣe tèmi. Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n má tìtorí ìyẹn dárí jì mí, torí ohun tí mo ṣe burú. Mo bẹ̀ ọ́. Mo bẹ ìyá rẹ. Mo bẹ gbogbo yín."