Fèrèsé Tí Olómi Gé

Ohun tí Olómi kọ́kọ́ rí lára obìnrin náà ni bàtà rẹ̀. Bàtà méjì tí ẹrẹ̀ bò, tó yọ jáde láti inú koríko létí adágún omi. Ó dúró. Ó rò pé òkú ni.

Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi láti adágún náà lọ sí ìlú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Olómi. Kò tíì bá òkú pàdé lẹ́nu iṣẹ́ rí, kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ta nìyẹn?" ó pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," ni ohùn kan dáhùn láti inú koríko. "Ẹ má lé e lọ."

"Lé ta lọ?"

"Àwòdì."

Àwòdì náà ti lọ. Ó fò kọjá lórí omi, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà dìde. Ẹrẹ̀ bò ó láti àgbọ̀n dé orúnkún. Ó gbá kámẹ́rà kan mọ́ àyà, lẹ́ǹsì ẹnu rẹ̀ gùn tó apá ọmọdé.

"Ẹ ti lé e," ó ní.

"Ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ti kú ni."

Ó wo ara rẹ̀. Ó wo Olómi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ku díẹ̀," ó ní. "Òtútù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí tán."

Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Olómi kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ìfẹ́ obìnrin yìí ti wọ̀ ọ́ lára.

Onífọ́tò ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nígboro, níbi tó ti ń ya àwọn tó fẹ́ fọ́tò ìwé ìrìnnà. Kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, etí omi ló máa ń kọ́kọ́ gbà lọ. Àwòdì kan tẹ́ ìtẹ́ sórí igi gbígbẹ kan níbẹ̀. Orí ẹyẹ náà funfun, ẹja ló ń jẹ. Onífọ́tò ti pinnu pé òun gbọ́dọ̀ yà á débi pé èèyàn á rí ẹyinjú rẹ̀.

"Lẹ́ǹsì mẹ̀kúnnù nìyí," ó sọ fún Olómi. "Àlòkù ni mo rà. Ó ríran jìnnà o, àmọ́ ó ní ìwà tirẹ̀. Tí mo bá nà án dópin, ojú á rẹ̀ ẹ́. Tí mo bá dín in kù díẹ̀, ojú ẹ̀ á là."

"Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn tí ọ̀gá mi bá nà mí dópin," Olómi dáhùn.

Ó tún rẹ́rìn-ín. Olómi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó máa pa á lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì.

Ó kọ́ Olómi bí wọ́n ṣe ń wo inú kámẹ́rà. "Ojú ni kó o máa wá," ó ní. "Tí ojú ẹyẹ bá mú, gbogbo ara ẹ̀ ló mú." Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Olómi kò rí ẹyẹ kankan lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó ní òun rí i.

Nígbà tó yá, Olómi mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá Olómi. Tí ìlà abẹ́rẹ́ kan bá wọ́, á tú u, á tún un rán, ì báà jẹ́ abẹ́ aṣọ níbi tí ẹnì kan kò ní rí. Ó wo èékánná àlejò náà. Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Mò ń ya fọ́tò, Mà."

"Ti èèyàn?"

"Ti èèyàn àti ti ẹyẹ, Mà."

"Mo gbọ́ pé ńṣe lo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹyẹ yẹn nínú ẹrẹ̀."

"Tí n bá dúró, wọ́n á rí mi, Mà."

"Èmi ìyá ọkọ, ìkúnlẹ̀ lásán lo kúnlẹ̀ fún mi. Ó dáa. Mú ọ̀kan wá kí n rí i."

Onífọ́tò mú èyí tó dáa jù nínú àpò rẹ̀. Ìyá fi awò sójú. Ó sún un mọ́ra, ó nà án síwájú.

"Kí nìyí? Táwẹ̀lì?"

"Àwòdì ni, Mà."

"Ojú ẹ̀ dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Mà."

"Níbo?"

Bàìbàì ni fọ́tò náà, Onífọ́tò fúnra rẹ̀ sì mọ̀.

Ìyá yọ awò. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́. Mi ò kórìíra ẹyẹ, mi ò sì kórìíra ẹrẹ̀. Oníṣẹ́ láàbọ̀ ni mi ò fẹ́ nílé mi. Lọ́jọ́ tó o bá mú àwòdì tó ń wò mí lójú wá, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Lójú títì, Olómi ní, "Má dá wọn lóhùn. Èmi ni mo fẹ́ ẹ, kì í ṣe àwọn."

"Rárá," Onífọ́tò ní. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Màá mú un wá fún wọn."

Ó gbórí sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Orí tó gbé sókè yẹn wu Olómi ju ẹ̀rín rẹ̀ lọ.

Olómi ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ti rí i bí ọwọ́ obìnrin náà ṣe máa ń gbọ̀n nínú òtútù àárọ̀. Ó dá a lójú pé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó mú òòlù, ó mú ṣísẹ́lì, ó gé fèrèsé sára ògiri ilé tí ẹ̀rọ omi wà, ní ọ̀gangan igi gbígbẹ náà. Ó kan bẹ́ǹṣì, ó fi pépà àwọn káfíńtà fá a títí ó fi ń dán. Ó rọ iyanrìn sínú àpò kékeré kan tí wọ́n máa gbé lẹ́ǹsì lé. Ó gbé kẹ́tùlù tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ omi ń gbóná lẹ́yìn níbẹ̀ tọ̀sán tòru, inú ilé náà sì móoru bí abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí Onífọ́tò wọlé, ó di ọwọ́ Olómi mú. Awọ ọwọ́ náà ti bó.

"Olómi mi," ó ní. "Olómi mi."

Láti ọjọ́ náà, inú ilé ló ti ń ya fọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Lẹ́ǹsì jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí iyanrìn. Fọ́tò sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwòdì náà dà bí ẹyẹ tí wọ́n fi ẹ̀fun yà sínú omi.

Ìyá kò yéé béèrè. "Ojú àwòdì mi ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, Mà."

"Ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀ ni?"

Ọmọ àwòdì ti ń na ìyẹ́ nínú ìtẹ́. Tó bá fò tán, tìyá tọmọ ló máa lọ. Olómi rí i pé Onífọ́tò ń dákẹ́ sí i, ó sì ń bà á lọ́kàn jẹ́.

"Ká wá lẹ́ǹsì míì," ó ní.

"Kì í ṣe lẹ́ǹsì."

"Kí ni nígbà náà, ẹyinjú mi?"

Onífọ́tò mu tíì rẹ̀. Ó ní tíì náà dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Onífọ́tò kò wá, àmọ́ ó ti fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì láti ọjọ́ tó ṣáájú. Olómi jókòó, ó wo inú rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ kọ irin tó dábùú omi, irin tí òun fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Irin náà ń jó. Ó ń mì bí ewé. Olómi mọ irin. Irin kì í jó.

Ó na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé. Atẹ́gùn gbígbóná rọra ń gba ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó ń lọ bá òtútù níta, ó sì ń mú kí ohun gbogbo máa mì lójú lẹ́ǹsì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo nǹkan kọjá lórí iná. Ó gbé kámẹ́rà, ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó wo irin kan náà. Irin dúró ṣánṣán. Ó rí gbogbo ìpẹtà ara rẹ̀.

Ooru tó fi ṣìkẹ́ obìnrin yìí ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohun kejì sọ sí i lọ́kàn: ẹni tó mọ kámẹ́rà tó yẹn kò lè ṣàì mọ̀.

Lọ́sàn-án, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Onífọ́tò kò bi í pé kí ni. "Ó ti pẹ́."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo rí ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó gé ògiri torí mi rí. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ẹ pé mi ò fẹ́ ẹ?"

"Ìyá mi ń pè ẹ́ ní oníṣẹ́ láàbọ̀. O jókòó, o gbà."

"Mo gbà. Mo rò pé màá rí ọ̀nà míì."

Inú bí Olómi. Inú rẹ̀ sì dùn. Obìnrin yìí, tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ rẹ̀, ti gbé ìyangàn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí bẹ́ǹṣì kan àti kẹ́tùlù tíì.

"Mo ti dí i," ó ní.

"O dí kí ni?"

"Fèrèsé. Búlọ́ọ̀kù ni mo fi dí i, mo sì ti rẹ́ ẹ. Lọ́la, inú ẹrẹ̀ là ń lọ. Àwa méjèèjì."

Onífọ́tò fi ọwọ́ bo ẹnu. Olómi kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, títí ẹ̀rín náà fi jáde.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n dùbúlẹ̀ sínú koríko, èjìká kan èjìká. Olómi ti da ẹ̀wù òjò rẹ̀ bò ó lẹ́yìn. Onífọ́tò gbé lẹ́ǹsì sórí àpò iyanrìn, ó pa bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, kí fọ́tò má bàa mì," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Iyanrìn kì í gbọ̀n." Ó na lẹ́ǹsì dópin, ó dín in kù díẹ̀. Ó dúró de oòrùn.

Imú ń yún Olómi. Kò họ ọ́.

Àwòdì já lu omi bí òkò. Omi fọ́n. Ó gòkè pẹ̀lú ẹja lẹ́sẹ̀, ó bà lé igi, ó yí orí. Onífọ́tò ti di èémí mú. Ó tẹ bọ́tìnnì fọ́tò.

Ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó gbé e fún Olómi.

Ẹyinjú náà ń wo Olómi. Ó pọ́n bí epo. Láàárín rẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀, kékeré, funfun, àti omi Olómi lábẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ lo yà á," Olómi ní. "Lẹ́ǹsì mẹ̀kúnnù."

"Lẹ́ǹsì mẹ̀kúnnù," Onífọ́tò ní, ó sì gbórí sókè.

Ìyá mú fọ́tò náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó fi èékánná tọ ìyẹ́ ẹyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń tọ ìlà abẹ́rẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kankan kò jókòó.

"Lẹ́ǹsì wo lo fi yà á?"

"Ìyẹn náà, Mà."

"Ó ń wò mí," Ìyá ní. "Ẹ wò ó. Bíi pé èmi ni mo jí ẹja ẹ̀."

Ó yọ téèpù lọ́rùn. "Sún mọ́ ibí, ìyàwó mi. Dúró dáadáa, kí n wọn èjìká rẹ. Kò sí aránṣọ míì tó máa rán aṣọ ìgbéyàwó ẹ."

Ó gbé fọ́tò náà kọ́ sókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó wọlé tí kò gbọ́ ọ: "Ìyàwó ọmọ mi ló yà á. Ẹ wo ojú ẹ̀."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Ìyá ní lẹ́ǹsì yẹn ni kí wọ́n fi ya àwọn. Lẹ́ǹsì tó ń wo òkèèrè ni, kò gba èèyàn tó wà nítòsí. Onífọ́tò sún gbogbo ẹbí sẹ́yìn títí wọ́n fi dé ìdí ògiri kejì àgbàlá.

"Ṣé ìlú míì lò ń kó wa lọ ni?" Ìyá pariwo.

"Ó ku díẹ̀, Mà!"

Ó tẹ bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó ya fọ́tò fúnra rẹ̀, ó ká aṣọ sókè, ó sáré.

Fọ́tò náà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòdì. Ojú gbogbo ẹbí mú bí abẹ́rẹ́, ọ̀fun Ìyá tó ń rẹ́rìn-ín pàápàá hàn. Ìyàwó nìkan ló ṣe bàìbàì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tíì kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti nà síwájú.

Oníbàárà kan sọ pé fọ́tò yìí kò mú.

Ìyá kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Ó mú," ó ní. "Ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ̀ ló ń sáré lọ."