Orin Tí Wọn Kì í Dáhùn

Rodiat kò jókòó. Ohun tí Wùmí kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, kò sì kà á sí nǹkan bàbàrà. Nínú yàrá wọn ní Al Majaz, ní Sharjah, kò sẹ́ni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé tí kì í kọ́kọ́ wó sórí bẹ́ẹ̀dì bí àpò sìmẹ́ǹtì kó tó rántí kí ará ilé. Ti Rodiat ló tún wá burú jù. Iṣẹ́ sìkiọ́rítì ló ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ní Dubai. Ìdúró ni láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn kò fún un ní àga. Bó bá dé, Asiat tí wọ́n jọ ń gbé yàrá á gbé omi gbígbóná wá, á máa fi aṣọ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, omijé á sì máa dà lójú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó wọlé, ó kí wọn, ó gbálẹ̀, ó fọ abọ́, ó wá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Rodiat, jókòó jàre," ni Wùmí wí.

"Kò rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n. Orin yín yẹn work gan-an."

Inú Wùmí dùn. Òun ló fọwọ́ sọ̀yà fún ìyá Rodiat ní Ìkòròdú pé kó fọkàn balẹ̀, bí àbúrò òun gan-an lòun yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà tí Rodiat sì ti dé, ẹkún ló ń sun pé òun fẹ́ padà sílé, bẹ́ẹ̀ kọ́ńtíráàtì rẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì àwọn ará Jàpáànù kan ní Dubai Silicon Oasis ni Wùmí ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Nakajo, bàbá arúgbó onírun funfun, á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ àtijọ́ kan. Gbogbo wọn á dìde, wọ́n á na apá, wọ́n á gbọn ẹsẹ̀. Orin ìṣírí fún àwọn tí iṣẹ́ ti mú rẹ̀ ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ń ta kìtì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mú èèyàn jó. Ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn ọmọdébìnrin kan ni, ẹ̀rọ ìrànwú sì ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá kọrin títí, ohùn rẹ̀ á ròkè bí ẹni tó ń béèrè nǹkan kan, á dákẹ́. Níbẹ̀ ni gbogbo wọn yóò ti tẹrí ba, tí wọn yóò pa ẹnu dé, títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀.

Wùmí wo àwọn orí tí wọ́n tẹ̀ ba wọ̀nyẹn. Kí lèyí bí kò bá ṣe àdúrà? Bó bá sì ti ń gbọ́ ọ, orúnkún rẹ̀ tí àtẹ̀gùn fífọ̀ ti bà jẹ́ máa ń fúyẹ́. Ó fi fóònù gba orin náà sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Rodiat, ó sọ fún un pé: "Àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún òṣìṣẹ́ o. Tó bá ti dákẹ́, ṣe àmín." Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe é níbẹ̀, ojú ń tì í láàrin àwọn ọ̀gá. Àmọ́ èwo lọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ àdúrà tí kò ní ṣe àmín? Mùsùlùmí ń ṣe é, onígbàgbọ́ ń ṣe é, ẹni tó kàn ń kọjá lójúde náà á ṣe é kí tirẹ̀ má bàa fò ó.

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, Rodiat ò jókòó jẹun. Kò dùbúlẹ̀. Bí àwọn yòókù bá jí, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n á bá a, ojú rẹ̀ á là kedere, á máa kùn lẹ́nu. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú lọ. Asiat kéwú sínú omi fún un mu, Wùmí lọ gba àdúrà wá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Oud Metha. Ó mu omi, ó ṣe àmín sí àdúrà, ó sì wà lórí ìdúró.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, ife kan fọ́ ní kíṣìnnì. Rodiat gba ibẹ̀ kọjá láìwọ bàtà, ó rìn wọ yàrá, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé e lórí táìsì. Asiat ló figbe ta. Nígbà tó fa àfọ́kù náà yọ, Rodiat ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ìgbà tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ní kó jókòó kí wọ́n fi aṣọ dì í. Wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́ léjìká, orúnkún rẹ̀ kò ká.

"Ẹ̀gbọ́n," Asiat sọ ọ́ sí Wùmí létí, "ọmọ yìí máa kú lórí ìdúró o."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Wùmí padà sí ọ́fíìsì àwọn ará Jàpáànù, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi rán an lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ó ń nu tábìlì nígbà tí wọ́n tan kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn orin tó ń ta kìtì kọjá. Èyí tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, aṣọ ìnutábìlì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn tó ń kọrin kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ó há díẹ̀, bí ìgbà tí òtútù bá mú ọmọ Ìkòròdú kan tó mọ̀ dáadáa. Rodiat ni. Rodiat tí kò gbọ́ èdè Jàpáànù rí láyé rẹ̀ ló ń fi í kọrin.

Ọ̀gbẹ́ni Nakajo pa ẹ̀rọ náà. Ó rí Wùmí tó ti jókòó sílẹ̀, ó fà á dìde, ó mú un wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ohùn yẹn ti yí padà," ó wí jẹ́jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ta ló dá a lóhùn?"

Wùmí ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan àmín tó ní kí Rodiat máa ṣe.

Bàbá náà sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló ni ohùn àkọ́kọ́. Ọmọdébìnrin ni, nílé iṣẹ́ òwú, òun ló ń dá orin fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ọkàn wọn lè le. Ní ìparí orin, ó máa ń béèrè pé: ta ni yóò gba ipò mi? Ẹni tó kàn á dáhùn, á bọ́ sídìí ẹ̀rọ, òun á lọ sinmi. Lọ́jọ́ kan, àìsàn dá ẹni tó kàn dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kọrin, ó ń béèrè, títí ó fi kú lórí ìdúró.

"Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìyá mi lọ gba ìró àwọn ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún ìrántí. Nígbà tó tan kásẹ́ẹ̀tì nílé, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe orin burúkú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ọmọdébìnrin yẹn ló ń bá a ru àárẹ̀ rẹ̀. A kàn kì í dá a lóhùn ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Wùmí wí, "ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá gba iṣẹ́ rẹ̀ padà."

Bàbá náà wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà lórí ìdúró. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, Wùmí. Ṣé kí n lọ jí i?"

Wùmí ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Àánú ọmọ tí kò rí rí náà ṣe é débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Rodiat ṣe é jù. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Sharjah, gbogbo èrò ló sùn, orí wọn ń gbá gíláàsì. Òun nìkan ló lajú, ó sì ti mọ ohun tí yóò ṣe. Òun ló gbé orin wọlé, òun ni yóò gbà á.

Ó bá Asiat ní kíṣìnnì níbi tó ti ń ro ẹ̀bà, ó sọ ohun tó gbọ́ fún un ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Asiat kò dá ọmọrogùn dúró.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa dúró o, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ní ẹsẹ̀."

"Asiat, má dá sí i."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Rodiat bẹ̀rẹ̀ orin náà. Wùmí lọ dúró níwájú rẹ̀. Orin náà lọ títí, ó dé ibi ìbéèrè, ó dákẹ́.

"Àmín," ni Wùmí wí.

"Àmín," ni Asiat wí lẹ́yìn rẹ̀, ti òun ti ọmọrogùn lọ́wọ́.

Orúnkún Rodiat ká. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò wọ́n, lójijì ojú rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ọmọ kékeré.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ń dùn mí o! Ẹsẹ̀ mi!"

Wùmí kò gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tó da aṣọ bò ó, ó ti ń hanrun. Ìgbà náà ni Wùmí mọ̀ ọ́n lára pé orúnkún òun kò dun òun mọ́. Ó wo Asiat. Asiat ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Khalas, ó ti parí," ni Asiat wí jẹ́jẹ́. "Ta ló máa kọ́kọ́ dúró?"

"Èmi. Lọ jókòó."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn. Ẹni tó bá wà lórí ìdúró á máa kọrin, ẹnì kejì á wá síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á dáhùn, ọ̀kan á bú sẹ́kún nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, á sùn, èkejì á dìde. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ Rodiat jinná, ó yarí pé àfi kó máa kan òun náà. Ọ̀gbẹ́ni Nakajo ń gbọ́ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Bí Wùmí bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá, á dìde, á tẹrí ba fún un. Kò sẹ́ni tó jí ọmọdébìnrin náà.

Bó bá kan Wùmí, ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ á máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Á máa mọ̀ wọ́n lára, àwọn tó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kùn ún kiri ìlú: ọkùnrin tó gbé ẹrù sórí ní Deira, obìnrin tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ nínú metro. Á mọ ìgbà tí ẹrù náà kúrò léjìká wọn tó sì bọ́ sí tirẹ̀. Kò wúwo. Ó dùn mọ́ ọn nínú. Ibi tí kò tíì sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ nìyí. Lánàá, Asiat wá dúró síwájú rẹ̀, ó ń retí ìbéèrè kó lè dáhùn. Orin náà lọ títí, ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, Wùmí sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí Asiat fi kúnlẹ̀, tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó béèrè.