Tọ́ọ̀ṣì Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Lẹ́nu Wáyà

Ohùn Bàbá Ìbejì ti mọ́ jù lórí fóònù. Ẹni tó bá wà nínú ihò abẹ́ títì, ṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá, ṣùgbọ́n tòní dún bíi pé ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Kò tilẹ̀ bá a ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

"Ìyá Ìbejì, mo ti parí. Tan iná ńlá."

Tọkọtaya yìí ni wọ́n jọ ń tọ́jú wáyà gíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ káàkiri ìlú. Ọkọ a máa so ó nínú ihò, ìyàwó a máa fi ẹ̀rọ dán an wò ní ọ́fíìsì. Iná ńlá yẹn kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n tó bá bá ẹni tó ń yẹ ẹnu wáyà wò, ojú onítọ̀hún lọ nìyẹn.

Ìyàwó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Ìgbà náà ló rí i pé iye pàǹtí ń gòkè lójú ẹ̀rọ. Láàárọ̀, kí iṣẹ́ lè tètè yá, ó ti ní kí ẹ̀rọ máa da ìmọ́lẹ̀ tí kò bá lágbára nù bíi pàǹtí. Pàǹtí kì í sì í ní ètò. Èyí ń wọlé ní mẹ́ta, ó ń sinmi, ó tún ń wọlé ní mẹ́ta.

Àmì òun àti ọkọ rẹ̀ ni: tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta sẹ́nu wáyà, ìyẹn ni pé ojú mi ṣì wà níbí, má tan nǹkan kan.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ ń tan tọ́ọ̀ṣì?"

"Tọ́ọ̀ṣì wo? Mo ti jáde. Tan án jàre, ọ̀gá ń pariwo."

Orí rẹ̀ dàrú. Èwo ni kó gbà gbọ́, ohùn tó ti ń gbọ́ láti ọdún méjìlá, tàbí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tí ẹ̀rọ fẹ́ dà nù? Ohùn náà tún ní "Tan án", pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó pa fóònù, ó sì jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tó ṣe, Bàbá Ìbejì wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Ọlọ́run ló ṣe é tóo rí tọ́ọ̀ṣì mi. Gbogbo ìgbà yẹn lojú mi wà lẹ́nu wáyà. Fóònù mi ti já sómi láti àárọ̀, mi ò rí ẹ pè."

Ó yọ ọ́ lápò. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Ìyàwó ò tíì fọwọ́ kàn án tí fóònù tirẹ̀ fi dún lórí tábìlì. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló yọ lójú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ọkọ ló sì tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Ìbejì," ohùn Bàbá Ìbejì wí láti inú fóònù, "kí ló dé tóo jẹ́ kó jáde nínú ihò?"