Ọ̀dà Kì Í Ṣe Egungun

Bàtà ọ̀tún ìyàwó Bàbá Ọlọ́dà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Ìdí ọkọ̀ ló gbà jáde, ọkọ̀ sì wà lórí eré.

"Ẹ dúró! Bàtà mi ti lọ!"

"Lọ síbo? Ṣé ó ní àdéhùn níbì kan ni?"

"Ẹ̀yin ẹ wolẹ̀! Mò ń rí títì láàárín ẹsẹ̀ mi!"

Bàbá Ọlọ́dà pa ọkọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Òótọ́ ni. Kápẹ́ẹ̀tì ti ya, pákó pẹlẹbẹ tí ó fi dí ihò abẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti rà, ọ̀dà ojú títì sì ń wo ọlọ́dà lójú kòrókòró. Ó lọ he bàtà, ó gbọn eruku rẹ̀ nù.

"Atẹ́gùn nìyẹn," ó wí. "Ṣebí o ti ń ṣàròyé tipẹ́ pé ooru ń mú ọ."

Akunlé ni Bàbá Ọlọ́dà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níbi iṣẹ́. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ibikíbi tí ìpẹtà bá ti yọjú lára ọkọ̀ rẹ̀, yóò ha á, yóò fi pọ́tì, ẹ̀rọ̀ tí àwọn akunlé fi ń dí ihò ara ògiri, dí i, yóò fi sanpépà dán an, yóò sì kùn ún. Ọkọ̀ ń dán bí abọ́ tanganran. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, èsì kan ṣoṣo ló ń fún un: "Irin ni!"

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ fi lọ gbé ọmọbìnrin wọn àti ọmọ ọjọ́ márùn-ún tí ó bí, láti ilé ìwòsàn ìlú kejì, lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́ ni.

Ìyàwó kò bá a jiyàn. Bí wọ́n ti délé, ó pe àbúrò rẹ̀, jórinjórin tí ó ti lo ogún ọdún lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ìyẹn dé, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ó ké láti abẹ́ ọkọ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ọ̀dà yín ló ń gbé ọkọ̀ yìí dúró."

"Ìwọ ọmọ yìí! Irin ni!"

"Irin ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Ó rákò jáde. "Kí ẹ tó kun ògiri onílé, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Èwo ni ìbéèrè yẹn? Màá kàn án. Ògiri tó le yóò dún gán-ún. Èyí tí inú rẹ̀ ti jẹrà yóò dún bọ̀ọ̀. Èmi kì í kun bọ̀ọ̀!"

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá kan irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn yìí."

Bàbá Ọlọ́dà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó sì ká ìka rẹ̀ kò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí ògiri láti ìgbà èwe. Ó kan iwájú. Gán-ún. Ó wo àna rẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga. Ó kan àárín. Bọ̀ọ̀. Ó wúkọ́. Ó tún un kàn, bí ẹni pé irin yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bọ̀ọ̀. Ó bínú, ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì gbọ́ nǹkan kan: ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ti wọlé dé ọrùn ọwọ́, ìpẹtà sì ń dà sí ṣòkòtò rẹ̀ bí aásáà.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ kú àbẹ̀wò o. Ṣé ẹ bá irin nílé?"

Jórinjórin tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò náà. "Ẹ̀gbọ́n, egungun ọkọ̀ nìyí. Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù yín, òun ló yẹ kó gba ìyà náà kí ó má baà dé ara èrò. Ọ̀pá tí epo bíréèkì ń gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n so bẹ́líìtì mọ́, níbi tí ìyá ọmọ yóò jókòó sí, pọ́tì ni mo bá. N kò bá irin."

Bàbá Ọlọ́dà rántí pọ́tì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́ ẹ. Ó tiẹ̀ ń súfèé lọ́jọ́ náà.

"Ṣé kò ṣeé jó ni?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ibì kan ni, màá gé èyí tó jẹrà kúrò, màá sì jó irin tuntun síbẹ̀. Tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sí ojúlówó irin tí tuntun yóò dì mọ́. Ta ní í lẹ aṣọ mọ́ èéfín?"

Bàbá Ọlọ́dà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀ pé kí ó fi í pamọ́.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọmọ wà láyà ìyá rẹ̀, gbogbo èrò ti wọlé tán, Bàbá Ọlọ́dà nìkan ló tẹ̀ ba sílẹ̀, tó ń kan abẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì.

"Bàbá," awakọ̀ pè é, "ta lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Irin ni mò ń wá." Ó tún kàn án. Gán-ún. "Ó wà nílé. Ó yá, ká máa lọ."

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ tó ti pẹ́ wà lọ́wọ́ yín, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ń tutù lẹ́yìn òjò, bí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣagídí, tàbí bí jáàkì bá ń wọnú irin dípò kó gbé ọkọ̀ sókè, ẹ má gbé e lọ ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ gbé e sókè, kí ó kan abẹ́ rẹ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ibi tó bá jẹrà, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì jó irin gidi síbẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n fi pọ́tì bò ó. Bí kò bá sì ṣeé jó mọ́, ẹ pa á tì pátápátá, bó ti wù kó máa dán tó.

Ẹ kan ọkọ̀ yín lónìí. Bó bá dáhùn bọ̀ọ̀, ẹ má fi ọ̀dà pa á lẹ́nu mọ́.